Ta Ló Lẹ́tọ̀ọ́ Láti Pè É Ní Àmúwá Ọlọ́run?

Bí páálí àwo ìyàwó bá já bọ́ láti orí ọkọ̀ ní gáréèjì kan ní Ṣakí, tí olówó ẹrù sì gbọ́ ìró àfọ́kù nínú rẹ̀, gbólóhùn kan wà tó máa ń tètè jáde lẹ́nu ẹni tó já a sílẹ̀: “Ẹ má bínú, àmúwá Ọlọ́run ni.” Mùsùlùmí lè fi kádàrá kún un, Kìrìsìtẹ́nì lè ní Olúwa nìkan ló mọ ìdí rẹ̀, oníṣẹ̀ṣe lè ní bí orí ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń gbé inú agbo ilé kan náà ní Òkè-Ògùn, ohùn wọn kì í sì í yàtọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Olówó ẹrù á mirí, á ní kò burú, Ọlọ́run á fi òmíràn rọ́pò, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Mi ò sọ pé irọ́ ni gbólóhùn yẹn. Kò sí onígbàgbọ́ nínú ẹ̀sìn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó máa sọ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀ tí Ọlọ́run kò mọ̀ sí i. Ẹnu tó yẹ kí ọ̀rọ̀ náà ti jáde ni mò ń béèrè. Èrò mi ni pé ẹni tí nǹkan rẹ̀ fọ́ ló lẹ́tọ̀ọ́ láti pè é ní àmúwá Ọlọ́run. Ẹni tó dì í, tó gbé e, tó tò ó sórí ọkọ̀, kò ní ẹ̀tọ́ yẹn, àfi tó bá kọ́kọ́ fi hàn pé òun ti ṣe gbogbo ohun tó wà ní ìkáwọ́ òun. Bí ó bá sọ ọ́ ṣáájú ìyẹn, orúkọ Ọlọ́run ló ń fi san gbèsè ara rẹ̀.

Kí a tó dé ọ̀dọ̀ Ọlọ́run, ẹ jẹ́ ká wo àwo ná. Àwo kì í ṣàdédé fọ́. Ohun tó ń fọ́ ọ ni kí agbára kan kọ lù ú lójú kan ṣoṣo, lójijì, láìsí ohun tó máa gba díẹ̀ lára agbára náà. Bí nǹkan rírọ̀ bá wà láàárín, agbára náà á tàn káàkiri, á sì falẹ̀ díẹ̀ kó tó wọlé. Ìfalẹ̀ náà kò tó ìṣẹ́jú àáyá kan, ṣùgbọ́n òun ló ń gba odidi àwo sílẹ̀ lọ́wọ́ àfọ́kù. Àwọn ìyá wa tó ń ru ìkòkò omi láti odò ti mọ èyí kí ilé-ìwé tó dé. Òṣùká tí wọ́n ń ká sórí kì í ṣe nítorí orí nìkan. Ìkòkò náà rí nǹkan rírọ̀ jókòó lé, èyí tó ń gba ìgbọ̀nrìrì ẹsẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Àwọn oníṣòwò obì ń fi ewé tútù tẹ́ inú agbọ̀n, wọ́n sì ń fi bo orí rẹ̀, kí obì má bàa gbẹ, kó má sì fara bó lójú ọ̀nà jíjìn sí òkè Ọya. Obìnrin Fúlàní tó ń ru wàrà wọ Ìsẹ́yìn ń to igbá sínú igbá, èyí tó kéré nínú èyí tó tóbi, kí ẹyọ kan má bàa dá yí gbirigbiri lórí. Bubble wrap, ọ̀rá oníléròrò tí àwọn ọmọdé fẹ́ràn láti máa tẹ̀ kó máa dún pá-pá-pá, ìmọ̀ kan náà ló gbé dé. Alfred Fielding àti Marc Chavannes ló ṣe é ní 1957, ní Hawthorne, ìpínlẹ̀ New Jersey, ní Amẹ́ríkà. Ohun tí wọ́n máa fi ṣe ògiri ilé lẹ́ṣọ̀ọ́ ni wọ́n ń wá. Kò sí ẹrù dídì lọ́kàn wọn rárá. Ẹ̀ṣọ́ ògiri náà kò sì tà. Wọ́n dá ilé-iṣẹ́ Sealed Air sílẹ̀ ní 1960, ìgbà tí IBM sì ń fi kọ̀ǹpútà 1401 rẹ̀ ránṣẹ́ sáwọn tó rà á ni ọ̀rá náà rí iṣẹ́ tó wá ṣe láyé. Afẹ́fẹ́ díẹ̀ tí a há mọ́nú ọ̀rá ni, iṣẹ́ òṣùká ló sì ń ṣe.

Ẹ wo obìnrin tó mọ iṣẹ́ yìí dunjú nígbà tó bá ń di àwo tánńganran tó fẹ́ fi ránṣẹ́ sí Èkó. Á kọ́kọ́ fi nǹkan rírọ̀ tẹ́ ìsàlẹ̀ páálí. Á wé àwo kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, tí ojú ìléròrò á kọ sí ara àwo, kò sì ní jẹ́ kí tánńganran fojú kan tánńganran. Kò ní tò wọ́n léra; á nà wọ́n ró ní ẹ̀gbẹ́, kí ẹrù gbogbo má bàa dá lé èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá. Á fi aṣọ tàbí bébà ki inú ife kọ̀ọ̀kan kó tó wé ẹ̀yìn rẹ̀. Èyí tó wúwo á wà nísàlẹ̀, èyí tó fúyẹ́ á wà lókè, á sì fi bébà tí ó rún dí gbogbo àlàfo. Tó bá parí, á gbé páálí náà sókè, á fetí sí i, á mì ín. Bó bá gbọ́ ìró kankan, iṣẹ́ kò tíì parí nìyẹn. Á tú u, á tún un dì. Ìgbà tí kò bá gbọ́ nǹkan kan mọ́ ló tó máa fa téèpù, á lẹ abẹ́ rẹ̀ ní ìlọ́po méjì, á sì kọ “Ẹ rọra o, ó lè fọ́” sí ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ibi tó ti ń mì ín yẹn wú mi lórí ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ó ń wá àṣìṣe ọwọ́ ara rẹ̀ kí kòtò ọ̀nà tó bá a wá a. Ẹni tó bá ṣe báyìí, tí ọkọ̀ wá dojú dé, ni ẹnu rẹ̀ gba ọ̀rọ̀ àmúwá. Ẹni tó da àwo mẹ́fà sínú páálí lásán, tó fi okùn dì í, tó sì jù ú sábẹ́ àpò gàrí nínú búùtù, mọ bí àwo ṣe ń fọ́ bí àwa yòókù ṣe mọ̀ ọ́n. Kò lè wá sọ pé ìyanu ló ṣẹlẹ̀.

Àwọn kan máa ń rò pé irú ìṣọ́ra báyìí ti ń kọjá ààlà, pé ẹni tó ń wé, tó ń tẹ́, tó ń dí àlàfo, kò gbọ́kàn lé Ọlọ́run tó. Kí wọ́n wo bí Ẹlẹ́dàá fúnra rẹ̀ ṣe ń di ohun ẹlẹgẹ́. Ọpọlọ ènìyàn rọ̀ púpọ̀. Inú agbárí líle ló fi í sí, kò sì jẹ́ kó kan agbárí náà ní gbígbẹ, omi ló fi yí i ká. Ọmọ inú oyún wà nínú omi, omi wà nínú àpò, àpò wà nínú ilé ọmọ, egungun ìbàdí sì yí ilé ọmọ ká. Bí a bá rọra da ẹyin awó tí àwọn ọmọ wa ń ṣa nínú ọ̀dàn sínú àwo, a óò rí okùn funfun lọ́tùn-ún lósì pupa rẹ̀: okùn méjèèjì ló dì í mú láàárín kó má lọ kọ lu èèpo, àyè afẹ́fẹ́ kékeré kan sì wà ní ìdí ẹyin níbi tó ti tóbi. Kóró osè wà nínú ohun funfun tó gbẹ, tó rọ̀, nínú èèpo líle tó ń já láti orí igi gíga láìfọ́. Ẹni tó lágbára láti fi ọ̀rọ̀ ẹnu lásán pa gbogbo nǹkan wọ̀nyí mọ́ ló yàn láti fi omi, èèpo àti afẹ́fẹ́ pa wọ́n mọ́. Bí òun kò bá ka ìdì sí àbùkù fún agbára rẹ̀, mi ò mọ ibi tí àwa ti rí i kà pé àbùkù ni fún ìgbàgbọ́ wa. A máa ń sọ pé Ọlọ́run ló ń ṣọ́ ẹrù. Bẹ́ẹ̀ ni, ohun tó sì fi ń ṣọ́ ọ la ń rí yìí.

Àwọn ìwé mímọ́ kò fi wá sílẹ̀ lókùnkùn lórí èyí náà. Nínú Diutarónómì, orí 22, ẹsẹ 8, òfin Mósè pàṣẹ fún ẹni tó bá kọ́ ilé tuntun pé kó ṣe ìgbátí yí òrùlé rẹ̀ ká, kí ẹ̀jẹ̀ má bàa wà lọ́rùn ilé náà bí ẹnìkan bá já bọ́ níbẹ̀. Òrùlé pẹrẹsẹ tí ènìyàn ń rìn lórí rẹ̀ ni ti àwọn ará ibẹ̀. Òfin náà ì bá ti ní kí onílé máa gbàdúrà fún àlejò rẹ̀. Ìgbátí ló ní kó mọ, ó sì ní bí kò bá mọ ọ́n, ọrùn rẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ náà wà. Nínú Ìhìnrere Mátíù, orí 4, Sátánì gbé Jésù lọ sórí ṣóńṣó tẹ́ḿpìlì, ó ní kó bẹ́ sílẹ̀, ó sì fi ìlérí inú Orin Dáfídì 91 tì í lẹ́yìn pé àwọn áńgẹ́lì á gbé e. Jésù kò sọ pé ìlérí náà kì í ṣe òótọ́. Ó ní a kò gbọ́dọ̀ dán Ọlọ́run wò. Ẹni tó bá ń gbé ohun ẹlẹgẹ́ láìbìkítà nítorí pé Ọlọ́run ń ṣọ́ ọ, ìhà ta ló wà nínú ìtàn yẹn? Àwọn Mùsùlùmí náà mọ hàdíìsì tí Tirmidhi gbà sílẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Anas, nípa ọkùnrin tó bi Ànábì léèrè bóyá kí òun so ràkúnmí òun kí òun sì gbára lé Ọlọ́run, tàbí kí òun tú u sílẹ̀ kí òun gbára lé E. Ànábì ní kó so ó, kó sì gbára lé E. Ní Òkè-Ògùn, tí ràkúnmí ti ṣọ̀wọ́n, páálí àti téèpù ni okùn náà.

Àtakò tó lágbára jù ni ti kádàrá fúnra rẹ̀. Wọ́n á ní bí Ọlọ́run bá ti kọ ọ́ pé àwo yìí á fọ́ lónìí, kò sí iye ọ̀rá tí a lè fi wé e tó máa gbà á là. Bó bá sì ti kọ ọ́ pé kò ní í fọ́, a lè jù ú láti orí òkè Àṣabàrí kó balẹ̀ láìfọ́. Mi ò ní fojú kéré ọ̀rọ̀ yìí, nítorí àwọn àgbà tó gbọ́n ń sọ ọ́, ó sì ti tu ọ̀pọ̀ ènìyàn nínú lọ́jọ́ ìbànújẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tí Ọlọ́run kọ, àṣírí ni títí yóò fi ṣẹ. Kó tó ṣẹ, kò sẹ́ni tó lè kà á. Iṣẹ́ tó wà níwájú wa nìkan la lè kà. Ẹni tó ní òun kò di ẹrù dáadáa nítorí kádàrá ń sọ pé òun ti ka ìwé tí ẹnikẹ́ni kò rí. Yàtọ̀ sí ìyẹn, bí Ọlọ́run bá kọ òpin nǹkan, ó kọ ọ̀nà tó lọ síbẹ̀ mọ́ ọn. Kò sí àgbẹ̀ ní Ọ̀tù tàbí Ìgbòho tó máa jókòó sílé nígbà tó yẹ kó kọ ebè, kó máa dúró de iṣu tó wà nínú àkọsílẹ̀. Èyí tó sì dá mi lójú jù lọ ni pé kò sẹ́ni tó ń fi ẹ̀kọ́ yẹn hùwà lórí ohun tirẹ̀. Awakọ̀ tó ní kádàrá ló fọ́ àwo ẹlòmíràn a máa fi kọ́kọ́rọ́ ti ọkọ̀ rẹ̀ lálẹ́, a máa wé fóònù rẹ̀ sínú ọ̀rá bí òjò bá ṣú, a sì máa rọra gba ojú kòtò kọjá bó bá jẹ́ ẹyin ilé rẹ̀ ló kó sẹ́yìn. Ẹ̀kọ́ tí a ń lò fún ohun oníǹkan, tí a kì í lò fún tiwa, àwáwí ni.

Ìtàn ìwé kan wà tó fi ìyàtọ̀ tí mò ń wá hàn gbangba, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Ọ̀yọ́ gan-an sì ni. Àlùfáà Samuel Johnson, tó jẹ́ pásítọ̀ ní Ọ̀yọ́, fi ohun tó ju ogún ọdún lọ kọ ìtàn àwọn Yorùbá. Ní 1899, wọ́n fi ìwé àfọwọ́kọ náà ránṣẹ́ sí òǹtẹ̀wé kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nípasẹ̀ ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì ńlá kan. Wọn kò gbúròó rẹ̀ mọ́. Nígbà tí àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1900, tó sì lọ bá òǹtẹ̀wé náà, èsì tó rí gbà ni pé wọ́n ti ṣi ìwé náà gbé, wọn kò rí i mọ́, wọ́n sì ṣe tán láti san owó rẹ̀. Samuel kú ní 1901, kò fojú kan iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Obadiah bẹ̀rẹ̀ sí í tún gbogbo rẹ̀ kọ láti inú àwọn àkọsílẹ̀ àti ìwé àkọ́kọ ṣákálá tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi sílẹ̀. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1916, wọ́n tún fi ìwé náà ránṣẹ́, wọ́n fi sínú ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n ń pè ní Appam. Ogun àgbáyé ń jà nígbà náà. Ọkọ̀ ogun Jámánì tó ń jẹ́ Möwe mú Appam lójú òkun, wọ́n sì darí rẹ̀ lọ sí Amẹ́ríkà. Ó pẹ́ gan-an kí wọ́n tó gbọ́ pé ìwé náà kò ṣègbé, pé ó dé ọwọ́ àwọn atẹ̀wé níkẹyìn. Ọdún 1921 ló jáde. Obadiah ti kú ní 1920.

Ìwé kan náà ni, ẹ̀ẹ̀mejì ló sọnù, ṣùgbọ́n ìsọnù méjèèjì kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn. Ti 1916, kò sí ẹni tó lè dá agbérù lẹ́bi: ìwé náà wà nínú ọkọ̀ tó yẹ kó wà, ogun ló dé bá a. Bí ọ̀gá ọkọ̀ náà bá ní àmúwá Ọlọ́run ni, ta ló máa jà á níyàn? Ti 1899 yàtọ̀. Ọwọ́ ènìyàn ló ti sọnù, lọ́wọ́ ẹni tó gbà á láti tọ́jú rẹ̀. Ká ní òǹtẹ̀wé yẹn wo ojú Obadiah tó sì ní bí Ọlọ́run ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn, ogún ọdún iṣẹ́ ẹni ẹlẹ́ni ni ì bá dì ru Ọlọ́run. Owó tó fi lọ̀ náà kò tó nǹkan kan lára ohun tó sọnù, síbẹ̀ ó sàn ju kó pe Ọlọ́run lọ, nítorí ẹni tó fi owó lọni ti gbà pé ọwọ́ òun ni nǹkan náà ti bàjẹ́. Ẹ tún wo ohun tó gba ìwé náà là. Samuel kò ju àkọsílẹ̀ rẹ̀ nù lẹ́yìn tó kọ èyí tó mọ́ tán. Ó tọ́jú wọn. Bí kò bá tọ́jú wọn ni, ohun tí àwọn Yorùbá ń kà nípa Ọ̀yọ́-Ilé, nípa àwọn Aláàfin tó sá wá sí Ìgbòho tó sì jọba níbẹ̀, ì bá ti dínkù gidigidi. Àlùfáà Ọlọ́run tó gbàdúrà dáadáa ni, ó sì tún tọ́jú àkọsílẹ̀ rẹ̀.

Àwọn tó ṣe òfin ẹ̀sìn náà ti rí ìyàtọ̀ yìí tipẹ́. Ẹ́kísódù, orí 22, sọ̀rọ̀ ẹni tí aládùúgbò rẹ̀ fi ẹran tàbí ẹrù ṣọ́. Bí ẹranko búburú bá fa ẹran náà ya, kó mú ìyókù rẹ̀ wá fún ẹ̀rí, kò ní san án. Bí ẹran náà bá kú tàbí tó farapa láìsí ẹlẹ́rìí, ìbúra níwájú Olúwa ni yóò wà láàárín àwọn méjèèjì. Bí wọ́n bá jí i gbé lọ́wọ́ rẹ̀, yóò san án. Orúkọ Ọlọ́run wọ inú ọ̀ràn náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ibi tó ti wọlé ṣe kókó: gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí tó lè jẹ agbérù níyà bó bá purọ́. Ó yàtọ̀ pátápátá sí bí a ṣe ń pè é ní gáréèjì. Nínú ìlànà òfin Ìsìláàmù ti Màlíkì, èyí tí àwọn Mùsùlùmí ilẹ̀ Yorùbá ń tẹ̀lé, ẹni tí a fi àmánà, ìyẹn ohun tó gbà láti tọ́jú, ṣọ́ kì í san án bó bá bàjẹ́ láìsí àìbìkítà rẹ̀. Bó bá jẹ́ àìbìkítà, yóò san án. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tó ń gba ohun aráàlú sọ́dọ̀ wá le jù bẹ́ẹ̀: wọ́n ń san án, àfi tí wọ́n bá mú ẹ̀rí wá pé kò sí ọwọ́ wọn níbẹ̀, wọ́n sì ka irú ìdájọ́ yìí mọ́ Ali, kálífà kẹrin, pé ó ní ohun tó máa tún ìwà àwọn ènìyàn ṣe nìyẹn. Àwọn onímọ̀ wọ̀nyí gba kádàrá gbọ́ bí ẹnikẹ́ni nínú wa, wọn kò sì jẹ́ kó gba ẹjọ́ alágbàfọ̀ tàbí aránṣọ rò.

Àtakò mìíràn wà tí mo bọ̀wọ̀ fún. Àwọn kan á ní ohun tó bá máa pẹ́ láyé kò nílò wíwé. Ẹ jẹ́ kí ayé lù ú, bó bá jẹ́ ojúlówó, á dúró. Wọ́n á tọ́ka sí àwọn alágbẹ̀dẹ Ṣakí pé ọkọ́ tí a kò fi òòlù lù kò lè wọ ilẹ̀. Wọ́n tún lè tọ́ka sí Ifá, sí ìtàn inú Ogbègúndá níbi tí Oríṣèékú ọmọ Ògún, Orílèémèrè ọmọ Ìja àti Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà ti lọ yan orí nílé Àjàlá alámọ̀. Orí tí àwọn méjì àkọ́kọ́ yàn dára lójú, ṣùgbọ́n òjò pa á lọ́nà, ó ń yìnrìn títí ó fi tán. Ti Afùwàpẹ́ dúró nínú òjò kan náà. Ó dà bíi pé ìtàn yìí ń sọ pé kí a jẹ́ kí òjò pa ohun gbogbo ká lè mọ èyí tó dára. Ṣùgbọ́n kí ni Afùwàpẹ́ ṣe kó tó jáde? Ó kọ́kọ́ tọ bàbá rẹ̀ lọ, ó rúbọ, ó fara balẹ̀, ó san gbèsè tí wọ́n ń sin Àjàlá, Àjàlá sì wọlé pẹ̀lú rẹ̀, ó ń fi ọ̀pá irin lu orí kọ̀ọ̀kan títí ó fi rí èyí tó dún dáadáa. Alámọ̀ ló lù ú, nínú ilé ara rẹ̀, kí ó tó fi lé oníǹkan lọ́wọ́. Alágbẹ̀dẹ náà ló ń lu irin tirẹ̀ lórí owú tirẹ̀. Kò sí ibi tí ìtàn náà ti fún ẹni tó bá wa gbé ẹrù láṣẹ láti dán ẹrù wa wò. Lílù jẹ́ ẹ̀tọ́ ẹni tó mọ ọ́n. Ẹni tó gbé e fún wa, pípa á mọ́ ni tirẹ̀. Bí ohun kan bá sì jẹ́ ẹlẹgẹ́, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀: èèpo ẹyin ní láti rọrùn fún ọmọ adìyẹ láti dá lu. Ibi tó ti jẹ́ ẹlẹgẹ́ náà ni ìwúlò rẹ̀ wà.

Ní ti owó tí ìdì ń náni, kò pọ̀. Ọ̀rá oníléròrò dára, kò pọn dandan. Àjákù aṣọ òfì kún Ìsẹ́yìn, ìwé ìròyìn àtijọ́ wà níbi gbogbo, ìyàngbò ọkà bàbà, koríko gbígbẹ àti háhá àgbàdo kò ná ni ní kọ́bọ̀, bí wọ́n bá ṣáà ti gbẹ dáadáa kí wọ́n má bàa bu. Kíréètì tó ń kó ẹyin ọgbọ̀n wọ Òkè-Ògùn láìfọ́, ìwé àtijọ́ tí wọ́n rẹ, tí wọ́n gún, ni wọ́n fi ṣe é. Ọ̀rá kì í jẹrà; bí a bá jù ú sí ààtàn, ewúrẹ́ àti màlúù á jẹ ẹ́, á sì wà nínú wọn. Nítorí náà, ẹni tó bá rí i gbà kó ká a pamọ́, kó fi di ẹrù tirẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn.

Olówó ẹrù náà ní ẹjọ́ tirẹ̀. Àwọn àgbà ní onígbá ní í pe igbá rẹ̀ ní àìkàrágbá kí ayé tó fi í kólẹ̀. Ẹni tó di gíláàsì sínú àpò rírọ̀ bí ẹni di aṣọ ìdọ̀tí, tó tún sọ fún awakọ̀ pé aṣọ ni kí owó wébíìlì má bàa pọ̀, ti fi ẹnu ara rẹ̀ fọ́ gíláàsì náà kí ọkọ̀ tó ṣí. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò lè bínú sí agbérù, mi ò sì rò pé ó lẹ́tọ̀ọ́ sí gbólóhùn àmúwá Ọlọ́run ju agbérù lọ. Àmánà kì í dé ọwọ́ ẹni tí a kò sọ òótọ́ fún. Kí awakọ̀ mọ ohun tó gbé, kó mọ iye rẹ̀, kó mọ apá tó yẹ kó kọ sókè. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ẹrù iṣẹ́ náà tó di tirẹ̀.

Bí a bá ti ṣe èyí tán, àyè wà fún gbólóhùn náà, àyè ńlá ni pẹ̀lú. Nǹkan á ṣì máa fọ́. Bíréékì ọkọ̀ á máa já, afárá á máa ya, màlúù á máa sáré gba ojú ọ̀nà lálẹ́ láàárín Ìsẹ́yìn àti Ṣakí. Nígbà náà, bí olówó ẹrù bá ṣí páálí, tó rí bí a ṣe wé àwo kọ̀ọ̀kan, tó rí àlàfo tí a dí, tó sì fúnra rẹ̀ sọ pé àmúwá Ọlọ́run ni, ìdáríjì ló ń fúnni yẹn, ó sì ná an ní nǹkan. Ohun tó burú nínú kí agbérù kọ́kọ́ sọ ọ́ ni pé ó ti gba ìdáríjì náà kí a tó fún un. Ó ti dí olówó ẹrù lẹ́nu, torí bí onítọ̀hún bá tún sọ̀rọ̀, á dà bíi pé Ọlọ́run ló ń bá jà.

Mo bẹ ẹ̀yin awakọ̀ àti ẹ̀yin tó ń kó ẹrù ní gáréèjì wa, láti Ìsẹ́yìn dé Kíṣí, àti ẹ̀yin tó ń fi nǹkan ránṣẹ́ sọ́mọ níbi tó jìnnà: ẹ fi nǹkan rírọ̀ sábẹ́ rẹ̀, ẹ wé e lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ mì ín kí ẹ tó lẹ téèpù. Bó bá fọ́ lẹ́yìn ìyẹn, ẹ sọ bí ẹ ṣe dì í fún olóhun, ẹ sọ ibi tó ti bọ́, ẹ sọ ohun tí ẹ lè san, kí ẹ sì dákẹ́ títí òun náà yóò fi sọ̀rọ̀.